Bí Èèpo Iṣu Ṣe Di Ajílẹ̀ Lẹ́yìnkùlé Wa n'Íbàdàn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn akólẹ̀kódọ̀tí kò fi yọjú sí àdúgbò wa. Nígbà tí àpò ìdọ̀tí keje dúró ti ògiri lẹ́nu géètì, tí ewúrẹ́ ilé kejì sì ti fà á ya, mo jókòó tì í, mo tú u wò. Ìyá Ìbejì ní ṣé orí mi pé báyìí. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí à ń dà nù gan-an ni. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo, èèpo ẹ̀wà tí wọ́n bó fún mọ́ínmọ́ín, ìdí ẹ̀fọ́, èèrí ògì. Ọ̀rá àti ike kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Gbogbo èyí tó ń rùn yẹn, oúnjẹ ilẹ̀ ni.

Kì í kúkú ṣe pé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò já tẹ̀tẹ̀ lórí ààtàn rí? Lẹ́yìnkùlé màmá mi àgbà, orí ààtàn ni tòmátì àti ìbẹ́pẹ ti máa ń hù láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ààtàn ayé ìgbà yẹn, ewé ló pọ̀ níbẹ̀. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ti ìsinsìnyí, ọ̀rá ti bò ó. Bí òjò bá gbá a, inú gọ́tà ló ń wọ̀ lọ. Ẹni tó bá gbọ́njú bá Omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọlé àwọn èèyàn n'Íbàdàn, kò ní bi yín pé kí ló burú nínú kí èèyàn da ìdọ̀tí sódò.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ra dúrọ́ọ̀mù búlúù kan, irú èyí tí wọ́n fi ń pọnmi sí, mo ń da gbogbo èèpo sí i, mo sì ń dé e pinpin. Èrò mi ni pé bí mo bá ti dé e, kò ní rùn, eṣinṣin kò sì ní ráyè bà lé e. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ṣí ìdérí. Omi dúdú ti sun sísàlẹ̀, ìdin ń rá lójú rẹ̀ bí ìrẹsì tó ń hó, òórùn náà sì bá wa wọ yàrá. Ìyá onílé jáde, ó fi etí ìró dí imú.

"Bàbá Ìbejì, kí lo ń sè sínú dúrọ́ọ̀mù yìí?"

"Ẹ má bínú, mà. Ajílẹ̀ ni."

"Ajílẹ̀ wo ló ń rùn bí òkú ẹran? Kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́la, kí n má bá a níbí o."

Òru ọjọ́ náà ni mo gbẹ́ ilẹ̀, tí mo sin ín bí ẹni tó jalè.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ ló là mí lọ́yẹ. Ó ní dídé tí mo dé e yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Àwọn kòkòrò tí ojú wa kò rí, àwọn tó ń jẹ èèpo títí tí yóò fi di ilẹ̀, wọ́n ń mí. Bí wọn ò bá rí afẹ́fẹ́, wọ́n á kú, àwọn mìíràn tí kò bìkítà fún afẹ́fẹ́ á sì gbapò wọn. Àwọn wọ̀nyí ló ń mú òórùn wá. Àwọn náà ló ń tú methane jáde, gáàsì tó ń mú ayé gbóná ní ohun tó ju ìlọ́po 25 ti carbon dioxide (gáàsì tí à ń mí síta) lọ, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkè ìdọ̀tí bíi ti Olúṣòsùn l'Ékòó nìyẹn. Èmi náà ti dá Olúṣòsùn kékeré sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù.

Iṣu méjì ni mo gbé lọ fi bẹ Ìyá onílé. Ó fún mi ní igun kan lẹ́yìnkùlé, níbi tó jìnnà sí kànga, ó ní bó bá rùn lọ́jọ́ kan péré, ó parí nìyẹn.

Ohun tí mo ṣàìní lákọ̀ọ́kọ́ ni ohun gbígbẹ. Èèpo ilé ìdáná, omi ló pọ̀ lára wọn. Ewé máńgòrò gbígbẹ wà ní àgbàlá wa, tí àwọn ará ilé ń gbá jọ láràárọ̀ kí wọ́n lè dáná sun ún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kó o fún mi. Mo tún lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, mo kó àpò méjì nínú èyí tí ayùn ń fọ́n sílẹ̀ bí gàárì nígbà tí wọ́n bá ń la pákó. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo kàn bèèrè kí n tó kó o bóyá pákó náà ti jẹ oògùn ìkán, torí mi ò fẹ́ kí oògùn bá ẹ̀fọ́ wọlé. (Bódìjà náà ni wọ́n ti fi ìdọ̀tí ọjà ṣe ajílẹ̀ Pacesetter nígbà kan, nítorí náà kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ dá a n'Íbàdàn.)

Mo to bùlọ́ọ̀kù yí igun náà ká, mo fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀ wọlé. Ìbú rẹ̀ tó mítà kan, gígùn rẹ̀ náà tó mítà kan. Ṣùkù àgbàdo àti ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ ni mo tẹ́ sísàlẹ̀. Lórí ìyẹn, agbọ̀n ewé gbígbẹ mẹ́ta sí agbọ̀n èèpo kan, ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ díẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aládìẹ àdúgbò, kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ewé. Gbogbo ìgbà tí mo bá da èèpo sí i, mo ń fi gàárì pákó bò ó lójú. Eegun, ẹja àti ọbẹ̀ tó lépo, rárá o. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń pe èkúté.

Omi rẹ̀ ló le jù láti mọ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un. Bí omi bá ń kán láàárín ìka yín, ó tutù jù, ẹ fi ewé gbígbẹ sí i. Bó bá fọ́n ká lọ́wọ́ yín bí iyanrìn, ó gbẹ jù. Bíi kànrìnkàn tí èèyàn ti fún dáadáa ló yẹ kó rí.

Lọ́jọ́ kẹrin tí òkìtì náà kún, mo ki àdá bọ àárín rẹ̀, mo lọ fọ ẹnu, mo padà wá fà á yọ. Irin náà gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ dì í mú. Kẹ́hìndé pariwo pé ilẹ̀ ń jóná, torí èéfín ń rú jáde lára òkìtì ní òwúrọ̀ tútù yẹn. Ooru omi ni, kì í ṣe iná. Ooru yẹn, bó bá ti tó ìwọ̀n 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á pa irúgbìn èpò àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo fi ṣọ́bìrì yí i, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á wọ àárín, ti àárín á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, ẹ̀yìn á sì dunni. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, mo fi páànù ògbólógbòó bò ó.

Wàhálà tó tán mi ní sùúrù, inú ilé ló wà. Mo gbé ike méjì síbi ìdáná, ọ̀kan fún èèpo, ọ̀kan fún ọ̀rá. Oṣù kan kọjá kí wọ́n tó yé da ọ̀rá ata mọ́ èèpo. Títí di òní, ọ̀rá omi mímu ṣì ń jáde bí mo bá ń yí òkìtì.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, òkìtì tó ti ga dé àyà mi ti wálẹ̀ sí orúnkún. Ó dúdú, ó fúyẹ́, òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ń run. Ekòló kún inú rẹ̀. Mo fi àwọ̀n jọ̀ ọ́, ó kún àpò ìrẹsì mẹ́rin. Ṣùkù àgbàdo àti kóró máńgòrò kò jẹrà rárá, mo dà wọ́n sí ìdí òkìtì kejì.

Mo pò ó mọ́ ilẹ̀, mo gbin ewédú, ṣọkọ àti ata rodo. Tòmátì mẹ́fà hù tí mi ò gbìn. Ìyá onílé ti ń já ṣọkọ ní ìdájí kí n tó jí. Mo rí i láti ojú fèrèsé, mi ò wí nǹkan kan.

Òkìtì kejì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Èèrà ti wọ inú rẹ̀ láti ìjẹta, ìyẹn ni pé ó gbẹ jù. Ẹ jẹ́ kí n lọ bu omi sí i.