Kòkòrò Tó Ń Jẹ Obì, Inú Obì Ló Ń Gbé: Àṣìṣe Àwa Olọ́gbẹ́ Inú

Etí ìró ni àbúrò ìyá mi máa ń so oògùn ọ́lísà mọ́: omeprazole mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pẹ̀lú oògùn funfun kan tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́nu bí ẹní ń jẹ ẹfun. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Bí inú bá ti ta wọ́n, wọ́n á tú etí ìró, wọ́n á sọ ọ̀kan sẹ́nu, ọjà á sì máa lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi rí èyí pẹ̀lú ojú ara mi. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Èmi náà ò béèrè.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí àwọn yòókù. A ti gbà pé ebi ló ń fa ọgbẹ́ inú, tàbí ata, tàbí ìrònú. Àwọn dókítà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí dókítà méjì, Robin Warren àti Barry Marshall, fi rí kòkòrò kan nínú àpòlúkù àwọn aláìsàn ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, tí wọ́n sì sìn ín nínú àwo ní 1982. Wọ́n ní òun ló sábà ń fa ọgbẹ́ inú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall bu omi tí kòkòrò náà kún inú rẹ̀, ó gbé e mu. Kò pẹ́ tí inú fi ń rú u, tó ń bì. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, ó ti wú, ó ti pọ́n. Ní 2005, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. Helicobacter pylori ni orúkọ kòkòrò náà.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ó lọ́ bí ìṣó tí káfíńtà ń yí wọ pákó, ó sì ń lu ikun tó bo awọ àpòlúkù wọlé. Ásíìdì tó ń pa kòkòrò mìíràn kì í rí tirẹ̀ pa, torí ó ń tú amóníà yí ara rẹ̀ ká láti fi rọ ásíìdì náà. Kékeré ni ọ̀pọ̀ wa ti kó o, lára àwọn tí a jọ ń gbé. Àwọn ọmọ ogun ara máa ń dìde sí i, ṣùgbọ́n agbára wọn kì í sábà ká a. Ìjà yẹn ló ń mú kí awọ inú wú, kó pọ́n, fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún. Ibi tó bá bó, ara á hu tuntun síbẹ̀, tuntun náà á tún bó. Nínú híhù lemọ́lemọ́ yìí ni àṣìṣe ti ń wọ inú ẹran ara. Àwọn ẹṣẹ́ tó ń tú ásíìdì á máa kú, awọ náà á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ awọ ìfun. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti lè yọjú. Ní 1994, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ka kòkòrò yìí mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ má torí èyí sá sókè o. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní kòkòrò yìí, ẹni kan sí mẹ́ta ni jẹjẹrẹ inú máa ń mú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n rí ní Japan: wọ́n tọpa aláìsàn 1,526 fún bí ọdún mẹ́jọ, jẹjẹrẹ inú sì mú 36. Gbogbo àwọn 36 yẹn ló ní kòkòrò náà. Nínú 280 tí kò ní in, kò sí ẹyọ kan.

Pípa ìrora lẹ́nu mọ́ ni àṣìṣe kejì. Oògùn tó dára ni omeprazole, ásíìdì ló ń dín kù, kòkòrò ṣì wà níjokòó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò tilẹ̀ dùn rí. Èyí tó tún burú ni kí inú máa dunni, kéèyàn máa gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì torí ẹ̀yìn ríro. Àwọn oògùn wọ̀nyẹn fúnra wọn ń dá egbò sí inú.

Àwọn kan á gbọ́ pé kòkòrò ni, wọ́n á sáré lọ ra metronidazole ọjọ́ mẹ́ta ní kẹ́míìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Oògùn apakòkòrò méjì tàbí mẹ́ta ni dókítà ń pa pọ̀ mọ́ èyí tó ń dín ásíìdì kù, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹnu á korò bí ẹni lá irin. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lọ́jọ́ karùn-ún ti kọ́ èyí tó ṣẹ́kù bí wọ́n ṣe ń sá fún oògùn.

Ẹ má lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí nígbà tí ẹ ṣì ń lo omeprazole, ó lè bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ sì fi apakòkòrò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà kọ́kọ́. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò lè sọ bóyá ó ti lọ, torí àpá ogun ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀tá ti kú.

Ìgbẹ́ àbúrò ìyá mi dúdú bí ọ̀dà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó sọ fún wa. Wọ́n ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ló fà á, òótọ́ sì ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ṣùgbọ́n òkèlè mẹ́ta ti ń yó wọn, bùbá wọn sì ti ń bọ́ ní èjìká. Nígbà tí wọ́n ki ẹ̀rọ ayàwòrán gba ọ̀nà ọ̀fun wọn, tí wọ́n já ẹran díẹ̀ níbẹ̀, awọ inú wọn ti ń di ti ìfun ní ibi púpọ̀. Kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n lo oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, àyẹ̀wò sì fi hàn pé kòkòrò náà ti lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n á tún padà lọ fún ẹ̀rọ náà.

Dókítà ní kí àwa tí a jọ ń gbé ilé lọ ṣe àyẹ̀wò. Àwa méjì ni wọ́n bá a lára wa. Òní ni ọjọ́ kẹsàn-án oògùn tèmi, ẹnu mi ṣì ń korò.