Bátìrì Nílé àti Lóko: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀, Apẹja àti Onílé ní Agbègbè Ìkòròdú

Bí ẹnìkan bá wọ ọjà Ṣábọ̀ tó ní òun ń wá bátìrì, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé irú èwo. Ẹni tó ni tọ́ọ̀ṣì, òkúta ló ń wá. Onímọ́tò ń wá èyí tó ní ásíìdì nínú. Ẹni tó ń sin adìyẹ lè máa wá kéèjì onípele tí wọ́n ń pè ní bátìrì kéèjì, tí kò ní iná kankan nínú. Fóònù tún ní tirẹ̀. Ìtọ́jú wọn ò jọra rárá, ewu wọn náà ò sì jọra.

Òkúta tọ́ọ̀ṣì

Òkúta kan, ì báà tóbi, ì báà kéré, fólìtì 1.5 náà ni. Èyí tó tóbi kàn ń pẹ́ jù ni. Àwọn àgbà a máa sá òkúta tó ti rẹ̀ sóòrùn kí wọ́n tó fi gbọ́ rédíò lálẹ́, wọn ò sì purọ́: ooru ń jẹ́ kí ìwọ̀nba agbára tó kù nínú rẹ̀ rí ọ̀nà jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi nǹkan kan kún un. Fífi eyín tẹ̀ ẹ́ ni kò dáa. Síńkì tó yí òkúta ká ló ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń lò ó. Tó bá ti fẹ́lẹ́, omi inú rẹ̀ á jò. Ẹ yọ òkúta tó ti kú kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì kó má bàa jẹ ẹ́. Ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó.

Bátìrì ọkọ̀ àti ti ínfátà

Bátìrì fólìtì 12 pín sí yàrá mẹ́fà, fólìtì méjì-méjì. Inú yàrá kọ̀ọ̀kan ni pátákó òjé wà, tí ásíìdì bò mọ́lẹ̀. Tí a bá ń ṣáájì rẹ̀, omi ló ń lọ, ásíìdì kì í lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé omi bátìrì nìkan la fi ń kún un, lẹ́yìn tó bá ti ṣáájì tán, kó ṣáà bo pátákó náà. Omi kànga ò dáa, omi inú ọ̀rá náà ò dáa, nítorí iyọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú wọn. Rẹ́wáyà kan lè ní kí ẹ fi ásíìdì kún un kó lè jí. Ó lè jí lóòótọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ásíìdì tó pọ̀ jù yẹn á jẹ pátákó inú rẹ̀.

Ẹ má fi bátìrì ọkọ̀ ṣe ti ínfátà. Pátákó rẹ̀ tín-ín-rín. Agbára ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo la ṣe é fún, kí ẹ́ńjìnnì lè jí. Ẹni tó bá ń fi tan iná mọ́jú lójoojúmọ́ á tètè padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé adìyẹ ṣírò èyí tó yẹ, nítorí àwọn tó ń sin adìyẹ ní Erikorodu àti àyíká rẹ̀ pọ̀. Adìyẹ tó ń yé ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, ojúmọ́ tiwa ò sì ju bíi 12 lọ. Ẹ kà á sí pé wákàtí mẹ́rin ló kù. Gílóòbù LED mẹ́ta, oníwáàtì 9, fún wákàtí mẹ́rin: 9 × 3 × 4, ó jẹ́ wáàtì-wákàtí 108. Bátìrì ínfátà fólìtì 12 tí wọ́n kọ 100Ah sí lára ní wáàtì-wákàtí 1,200 (12 × 100) nínú nígbà tó bá kún, ṣùgbọ́n ẹ má lò ju ìlàjì rẹ̀ lọ, ìyẹn 600. Iná adìyẹ yẹn ò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ẹ lè lò. Bí òjò bá ṣú bolẹ̀ fún ọjọ́ méjì tí sólà ò rí oòrùn, iná ṣì máa tàn. Kìkì pé kí ẹnikẹ́ni má fi fíríìjì kún un.

Ẹ fi mítà wo bátìrì náà nígbà tí kò ṣáájì, tí kò sì tan nǹkan kan, lẹ́yìn tó ti sinmi dáadáa. Tó bá fi fólìtì 12.6 hàn, ó kún. Tó bá jẹ́ 12.1, ẹ ti dé ìlàjì, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má gbé e sínú ilé adìyẹ fúnra rẹ̀: afẹ́fẹ́ tó ń ti ara ìgbẹ́ wọn jáde ń jẹ wáyà bàbà. Ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn náà, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nígbà tó bá ń ṣáájì lè gbiná tí sìgá tàbí ìṣáná bá kàn án. Tí ẹ bá fẹ́ tú u, nẹ́gétíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ; tí ẹ bá ń so ó padà, nẹ́gétíìfù ni kó kẹ́yìn.

Lórí kéèjì, ohun kan péré: ẹ má rọ́ adìyẹ há síbẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ti fòfin de oríṣi tó há gádígádí láti ọdún 2012.

Òjé inú bátìrì: ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì

Ní etí ọ̀sà, láti Ìbẹṣè dé Báyékù, apẹja mọyì òjé, torí òun ló ń fa àwọ̀n lọ sísàlẹ̀ omi. Bátìrì tó ti kú sì kún fún un. Òjé ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 327°C. Iná igi lásán tó o. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti wọlé. Ẹni tó bá la bátìrì, tó yọ́ òjé rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èéfín àti eruku rẹ̀ á bà sílẹ̀, sára aṣọ, sórí ẹ̀fọ́. Kì í jẹrà. Ọdún á gorí ọdún, á ṣì wà nínú iyẹ̀pẹ̀ tí ọmọ fi ń ṣeré, tó sì ń ti ibẹ̀ fọwọ́ sẹ́nu. Adìyẹ tó bá ń jẹ̀ níbẹ̀ á gbé e sínú ẹyin.

Ní Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọ 18 ló kú láàrin ìparí 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008 nítorí òjé bátìrì àlòkù. Ní Zamfara, lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Kò jìnnà sí wa náà: ní Ògíjo tó bá wa pààlà, wọ́n ń yọ́ bátìrì ní ilé-iṣẹ́, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ké gbàjarè lórí èéfín rẹ̀.

Ọmọ tí òjé bá wọ̀ lára lè máa ní inú rírun, kó má rí ìgbẹ́ yà, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kí ìwé má wọ̀ ọ́ lórí. Tó bá pọ̀, gìrì á mú un. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ ní fi àmì kankan hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u fó, àgbo ò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Nítorí náà, ẹ̀yin apẹja wa, òjé tí wọ́n ti ṣe tán ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ lo amọ̀ sísun. Ìkòkò tí a bá ti fi yọ́ òjé rí kò gbọ́dọ̀ padà sórí àdògán. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bátìrì, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ, kí wọ́n sì fọ aṣọ náà lọ́tọ̀. Tí oní-kọ́ńdẹ̀m bá ń kiri kọjá, ẹ ta bátìrì tó ti kú fún un ní odidi. Bó bá ní kí ẹ da ásíìdì inú rẹ̀ sí gọ́tà kí òun tó wọ̀n ọ́n, ẹ kọ̀: òjé wà nínú omi yẹn náà. Kó kúkú yọ díẹ̀ kúrò nínú owó. Bí ásíìdì bá ta síni lójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ tó gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn.

Bátìrì tó dà bíi bọ́tìnnì

Ó máa ń wà nínú aago ọwọ́, rìmóòtù àti ohun ìṣeré. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má retí pé á yà á mọ́ ìgbẹ́. Tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàrin wákàtí méjì ó lè jó ẹran ara débi tó burú. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má mú kó bì. Ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ lè máa lá oyin lójú ọ̀nà bí oyin bá wà nítòsí, ṣùgbọ́n ẹ má dúró wá a kiri. Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ni kí ẹ gbé e gbà. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé bátìrì ló gbé mì, kí wọ́n lè ya fọ́tò àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí rẹ̀ dání tí ẹ bá rí i.