Bí mo ṣe fi rọ́bà àǹdù tó ń gbóná sí máṣìn mi nítorí ọyẹ́

Ẹni tó bá ń gun máṣìn láti Mopa lọ sí Kabba láàárọ̀ nígbà ọyẹ́ ló máa mọ ohun tí mò ń sọ yìí. Ara ṣì lè wọ súẹ́tà, èèyàn lè wé nǹkan mọ́ ọrùn, kó tún de helmet lé e, àmọ́ ọwọ́ ò níbi tó fẹ́ sá sí, òun ló wà níwájú, òun ni atẹ́gùn kọ́kọ́ ń gbá. Tó o bá wá ń sáré bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, òtútù tí ò tó nǹkan nígbà tó o dúró sẹ́nu ilé á wá di nǹkan míì. Kí n tó dé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ìka mi á ti kú. Màá fẹ́ fa búrékì, ọwọ́ ò ní tètè gbọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí màlúù máa ń já sójú títì lọ́nà yẹn, tírélà náà ń bọ̀ nínú kùrukùru ọyẹ́ tí o ò ní tètè rí i, ọwọ́ tí ò sì gbọ́ nǹkan téèyàn ní kó ṣe ò yẹ kó wà lórí àǹdù máṣìn rárá.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní England. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn lọ́hùn-ún, àwọn tó ń gun máṣìn lọ síbi iṣẹ́ nígbà òtútù, glọ́ọ̀fù nìkan kọ́ ni wọ́n gbójú lé, wọ́n máa ń fi heated grips sí i, ìyẹn rọ́bà àǹdù tó ní wáyà nínú tí iná bátìrì ń mú gbóná. Ó bá mi ra ọ̀kan, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé ọdún. Rọ́bà méjì ló wà nínú páálí ẹ̀, pẹ̀lú súìsì kékeré kan tí wọ́n fi ń mú un gbóná sí i tàbí kó dín kù, àti wáyà pupa kan, dúdú kan. Téèyàn bá dì í mú, kò yàtọ̀ sí rọ́bà tí gbogbo wa ń lò, ó kàn ki díẹ̀ jù ú lọ ni.

Kí n tó tú ohunkóhun, iná ni mo kọ́kọ́ wádìí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe é máa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé tó bá wà níbi tó gbóná jù, ó ń fa amp 3. Bátìrì máṣìn jẹ́ volt 12, 12 lọ́nà 3 sì ni watt 36. Gílóòbù iwájú ọ̀pọ̀ máṣìn kékeré tá à ń gùn níbí, watt 35 ni, torí náà ṣe ló dà bíi pé o tún gbé iná iwájú kejì kún un. Àwọn máṣìn ńlá tí wọ́n ń gùn nílùú òyìnbó, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún wọn lè ṣe watt 300, 400, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ iná. Tèmi yìí, ọ̀kan nínú àwọn cc 150 tí gbogbo ayé ń gùn, kò ní agbára yẹn.

Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe riwáyà. Ó yẹ rọ́bà náà wò síwá sẹ́yìn.

"Tíṣà, kinní yìí máa jẹ iná o. Tó bá fa bátìrì ẹ gbẹ, ẹsẹ̀ lo máa fi ta á láàárọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdí tí mo ṣe wá bá yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn iná ẹ̀."

Ó mú tẹ́sítà ẹ̀ wá. Máṣìn wà ní pípa, bátìrì ń sọ volt 12.6, ìyẹn dáa. A ta á, mo fún un ní tírótù díẹ̀, ìyẹn ni pé mo yí àǹdù ọ̀tún kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, ó lọ sí 14.1. A tan iná iwájú, ó já sí 13.7. Ó tún ní kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n tan kọ́kọ́rọ́ nìkan, ká wò ó bóyá iná iwájú á tàn. Ó tàn. Ohun tó fi ń wádìí ni pé lára àwọn máṣìn kan, iná iwájú ò gba ara bátìrì kọjá, láti ara ẹ́ńjìnnì ló ti ń gbaná tààrà, tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, iná tó ń wọ bátìrì máa ń kéré, rọ́bà tó ń gbóná sì lè tètè borí ẹ̀. Ìgbà tó rí i pé tèmi ń gba ara bátìrì, tó sì ń ṣáàjì dáadáa, ló tó ní ká tú u.

Ọwọ́ òsì ò le. Bíléèdì la fi la rọ́bà àtijọ́, a bó o dànù, a fi pẹtiróòlù nu irin ẹ̀ kí àlọ́kù gúlù kúrò, a jẹ́ kó gbẹ. Ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí tírótù wà, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ihò rọ́bà ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ, torí pé kì í ṣe irin ló ń wọ̀, ike kan wà tó yí irin yẹn ká, òun lò ń yí tó o bá ń fún máṣìn níná. Ike yẹn wá ní ìlà kéékèèké tó yọ síta lára bí egungun ẹja, kí rọ́bà àtijọ́ má bàa máa yí ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tuntun ò gbà á. Ó wọ díẹ̀, ó dúró.

Bí wọ́n ṣe ń fipá lù ú wọlé nìyẹn tí ike á fi sán. A tú ike yẹn kúrò, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo mú fáìlì, mo ń rẹ́ àwọn ìlà yẹn jẹ́jẹ́, màá rẹ́ ẹ díẹ̀, màá ki rọ́bà bọ̀ ọ́ wò, màá tún yọ ọ́, màá tún rẹ́ ẹ, torí tó o bá rẹ́ ẹ jù, ike á fẹ́lẹ́, rọ́bà náà á sì máa mì lórí ẹ̀. Ìgbà tó wá wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀ láìsí gúlù ni mo fi sanpépà parí ẹ̀, a fẹ́ ìyẹ̀fun ike kúrò nínú ẹ̀ tinú tòde, a dá a padà sórí àǹdù.

Ṣé ẹ rí gúlù, kò fúnni láyè. Súpà gúlù tá a lò, tó bá ti gbá rọ́bà mú, ó tán nìyẹn. Torí náà a ò tíì fi gúlù kan nǹkan kan tá a ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, a yí tírótù dópin síwájú sẹ́yìn ká lè mọ ibi tí wáyà ẹ̀ máa kọjú sí, torí wáyà ti ọwọ́ ọ̀tún ń bá tírótù yí ni, kò gbọdọ̀ fà, kò gbọdọ̀ há sáàárín léfà búrékì. Ẹ̀gbọ́n fi báírò fa ìlà síbi tó yẹ kó wà. A wá kán gúlù sára ike, díẹ̀, sí òde nìkan, torí tí gúlù bá fi lè wọ inú, sáàárín ike àti irin, tírótù á gan, máṣìn tí tírótù ẹ̀ sì gan lórí eré, ẹ̀mí èèyàn ló fi ń ṣeré. Mo tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, mo fi àyè tín-ń-tín sílẹ̀ láàárín rọ́bà àti ilé súìsì kí wọ́n má bàa máa ha ara wọn.

Ká tó kan wáyà rárá la ti yẹ tírótù wò. Yí i dópin, kó o fi í sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fò padà fúnra ẹ̀, kó dún "ká". A ṣe é nígbà tí àǹdù wà láàárín, a dà á sí òsì pátápátá, a tún ṣe é, a dà á sí ọ̀tún, a tún ṣe é. Ó fò padà ní gbogbo ẹ̀.

Wáyà wá kù. A yọ orí negative bátìrì kúrò ká tó bẹ̀rẹ̀. A gba wáyà náà abẹ́ táǹkì, a fi kébù tai dè é mọ́ ara wáyà tó ti wà níbẹ̀, a jìnnà sí orí ẹ́ńjìnnì àti sàléǹsà, a sì dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn máṣìn kí àǹdù lè máa yí láìfà á. Èmi rò pé a máa so ó mọ́ bátìrì tààrà ni, ẹ̀gbọ́n ò gbà. Ó ní, "Lọ́jọ́ tó o bá gbàgbé ẹ̀ ní títàn ńkọ́?" Rílé ló fi sí i, ìyẹn súìsì kékeré kan tí iná kọ́kọ́rọ́ fi ń ṣí ọ̀nà fún iná bátìrì, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sára ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iná tó lágbára ń ti bátìrì gba fíúsì 5 amp bọ̀ sí ẹsẹ̀ 30, ẹsẹ̀ 87 ń gbé e lọ sí rọ́bà, 85 wọ bọ́dì, 86 ló so mọ́ wáyà iná ẹ̀yìn tó jẹ́ pé ó dìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn kó tó ní iná. Tó o bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, rọ́bà ti kú nìyẹn. Fíúsì yẹn, ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an ló fi í sí, torí níbikíbi tí wáyà bá ti bó, òun ló máa kọ́kọ́ já. Gbogbo ibi tá a ti so wáyà pọ̀ ló fi lẹ́ẹ̀dì jó, kò lọ́ ọ lásán, torí pé gbígbọ̀n máṣìn àti ọ̀nà wa yìí máa ń tú wáyà lílọ́.

A tún wọ̀n ọ́n. Ẹ́ńjìnnì ń rọra dún lójú kan, iná iwájú wà ní títàn, rọ́bà wà níbi tó gbóná jù, tẹ́sítà já sí 12.3, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fún un ní tírótù tí mo máa ń lò lójú ọ̀nà, ó gòkè sí 13.3. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé téèyàn bá ń sáré, iná tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ, àmọ́ téèyàn bá dúró, bátìrì lò ń jẹ. Torí náà mi ò kì í tàn án kí n tó kúrò nílé, ó dìgbà tí mo bá ti bọ́ sójú títì, tí mo bá sì ti ń wọ Kabba tí mo fẹ́ máa dúró tí mo fẹ́ máa yà, màá ti pa á.

Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Kò pẹ́ rárá tí àtẹ́lẹwọ́ fi ń gbóná, mo sì ń mọ léfà lábẹ́ ìka mi bó ṣe yẹ. Àmọ́ nǹkan kan wà tí páálí ò sọ: àtẹ́lẹwọ́ ni rọ́bà ń mú gbóná, ẹ̀yìn ọwọ́ lọ́hùn-ún ni atẹ́gùn ń gbá, bí èyí ṣe ń fún ẹ ni tọ̀hún ń gbà á lọ. Ohun táwọn ọlọ́kadà wa ti ń ṣe tipẹ́ ló yanjú ẹ̀. Mo la kẹ́ẹ̀gì lita 10 sí méjì, mo gé e kó lè bo ìka, mo dè é síwájú léfà lọ́tùn-ún lósì, mo sì fa búrékì àti kílọ́ọ̀ṣì dópin láti rí i pé kò kàn án. Látìgbà yẹn, ibi tó gbóná díẹ̀ lásán ti ń tó mi, mi ò kì í gbé e débi tó gbóná jù mọ́, bátìrì pàápàá ń sinmi. Glọ́ọ̀fù tó fẹ́lẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ ló sì dáa jù fún un, èyí tó nípọn kì í jẹ́ kí ooru kọjá.

Ẹni tí máṣìn ẹ̀ bá ń fi ẹsẹ̀ ta nìkan tí bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́, tàbí tí tẹ́sítà ẹ̀ ò kọjá 13 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fowó yín ra kinní yìí, ẹ tún ṣáájì yín ṣe ná, kí ẹ máa fi kẹ́ẹ̀gì àti glọ́ọ̀fù tó dáa gbé ọyẹ́ yìí kọjá.