Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí kọ́kítéèlì jíìnì tí ìtàn ìgbà èwe bá ti ń dùn

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ọtí tó wọlé: ìtàn ló ń ba jíìnì jẹ́. Tí àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ bá ti pàdé lÁdó, bóyá ìpàdé ọmọléèwé àtijọ́ ni o, bóyá ìsìnkú bàbá ẹnìkan ni, wọ́n á jókòó, ẹnìkan á ní "ṣé ẹ rántí ọjọ́ tá a mu odidi kẹ́ẹ̀gì tán lọ́nà Ìyìn", bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ìtàn ṣe ń dùn lọ́wọ́ á máa yá lórí ife, tó bá fi máa tó wákàtí kan kálukú ti ń mu bí ọmọ ogún ọdún, ara ẹni àádọ́ta sì ni wọ́n gbé wá. Ibẹ̀ làwọn àṣìṣe yòókù ti máa ń rọ́nà wọlé.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fífi ojú wọn jíìnì. Ẹmu la fi kọ́ ọtí mímu ní Èkìtì, ẹmu tí ẹlẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ lórí ọ̀pẹ láàárọ̀, tó dùn, tó ń hó, èèyàn lè da igbá méjì sọ́fun kó tún gbé ọkọ́ lọ sóko, ojú ló tó láti fi wọ̀n ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ló tó máa ń le, torí ó ń kan lọ díẹ̀díẹ̀. Jíìnì ò ní àárọ̀ kò ní ìrọ̀lẹ́, bó ṣe le nínú ìgò náà ló ṣe máa le dénú ife. Ẹ wo ara ìgò, ẹ ó rí 37.5% tàbí 40% tàbí 43%. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀: ìgò bíà ńlá 60cl tó jẹ́ 5%, ọtí gidi tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ 30ml. Jíìnì 40%, 75ml péré ti gbé 30ml yẹn, 75ml ò sì tó ìdajì ife tá a fi ń mu omi nílé. Ẹni tó bá da jíìnì kún ife dáadáa bíi ti ẹmu, tó wá fi tọ́níìkì díẹ̀, ìyẹn ẹlẹ́rìndòdò kíkorò tí wọ́n fi ń po jíìnì, lé e lórí, bí ìgò bíà méjì ló gbé sọ́wọ́ yẹn, kò sì tíì gbà pé òun ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ife ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń lò ní báà ò bá sí nílé, ṣíbí ìjẹun ńlá wà ní kíṣìnì. 15ml ni ṣíbí kan, ṣíbí mẹ́ta jẹ́ 45ml, ìyẹn tó ife kọ́kítéèlì kan. Ìgò 75cl tẹ́ ẹ bá ń bu 50ml nínú ẹ̀, ife 15 ló máa jáde, mo sì ti rí ibi tí èèyàn mẹ́ta ti pín in tán kí àṣáró tó jinná. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o tẹ́ ẹ bá mú ṣíbí jáde, wọ́n á ní ṣé àgbo ọmọdé lẹ fẹ́ fún àwọn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Áìsì náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń ju ẹyọ méjì síbẹ̀ torí wọ́n ní áìsì á sọ ọtí domi. Bẹ́ẹ̀ áìsì tó kéré tó sì wà ní wẹ́wẹ́ ló ń tètè yọ́. Tí ife bá kún fún áìsì tó tóbi, gbogbo ẹ̀ á tutù, á sì pẹ́ kó tó di omi. Ẹ ju pọ́wọ́tà sínú fírísà lálẹ́ àná ẹ̀, torí ẹ mọ NEPA wa, tó bá dọ̀sán kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fọ́ ọ sínú àwo, kó má kúnná. Jíìnì lẹ máa kọ́kọ́ dà sórí áìsì, kẹ́ ẹ wá rọra da tọ́níìkì lé e, ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta jíìnì yẹn, kẹ́ ẹ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ má rò ó bí ẹni ń ro ọkà, gbogbo hóhó inú ẹ̀ á lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń sọ pé tọ́níìkì ń wo ibà, ẹ rọra o. Òótọ́ ni pé quinine wà nínú ẹ̀, láti ara èèpo igi cinchona tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà láyé àtijọ́ ló ń mu quinine nítorí ibà, ó korò débi pé wọ́n ń da ṣúgà àti jíìnì sí i kó lè ṣeé gbé mì. Àmọ́ ti inú tọ́níìkì òde òní kéré gan-an, ní Amẹ́ríkà ìjọba ò gbà kó ju 83mg lọ nínú lítà kan. Ẹni tí ibà bá mú kó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó gbé jíìnì tì ná.

Àwọn ọmọ wa ti wá gbọ́n báyìí, zóbò ni wọ́n fi ń po jíìnì, ó sì dùn, mi ò ní purọ́. Ẹ se ewé ìṣápá pupa pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, àṣìṣe ńlá ni kéèyàn da jíìnì sínú zóbò tó ń yọ èéfín, gbogbo òórùn dáadáa tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ ra jíìnì ló máa fò lọ. Tó bá ti tutù, ṣíbí jíìnì mẹ́ta, zóbò ìlọ́po mẹ́rin, ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ fún sí i. Tẹ́ ẹ bá ní efinrin lẹ́yìnkùlé, ẹ já ewé méjì, ẹ gbé e sáàárín àtẹ́lẹwọ́, ẹ pàtẹ́ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbọ́ òórùn ẹ̀, kẹ́ ẹ wá jù ú sínú ife. Ẹ má gún un o, tẹ́ ẹ bá gún un á korò, á sì dúdú. Àwọn kan lè ní ewé ọbẹ̀ ni efinrin, kí ló kàn án pẹ̀lú ọtí, àmọ́ nílùú Hamburg ní Jámánì, láti 2008 ni báà kan ti ń fi ewé basil po jíìnì tó sì di ohun tí gbogbo ayé ń mu, ìbátan efinrin sì ni basil yẹn. Lásìkò agbálùmọ̀ náà, ẹ fún omi ẹ̀, ó bá jíìnì mu ju Fanta lọ.

Ibi tí zóbò ti léwu ni ṣúgà. Tó bá ti dùn jù ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ọtí wà níbẹ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá pò ó sínú kúlà ńlá níbi òde, tí kálukú ń fi kọ́ọ̀bù bù ú, tẹ́nikẹ́ni ò sì mọ iye ìgò tó wọnú ẹ̀. Ẹ po ti ife kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí kò ní eré nínú. Ẹnìkan á ní jíìnì ti wọ́n jù, ẹ jẹ́ ká ra ògógóró, ṣebí òun náà la fi dàgbà. Mi ò bá ògógóró jà o, ẹmu tí wọ́n sè, tí ooru ẹ̀ gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù tó sì ń kán sínú ìgò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà, òórùn ẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti jíìnì tí wọ́n fi èso juniper sí. Ìṣòro ibẹ̀ ni èyí tẹ́ ẹ ò mọ orísun ẹ̀. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè níbí, ní Oǹdó tó múlé tì wá, àwọn èèyàn ń fọ́ lójú, wọ́n ń kú, àwọn kan pè é ní àrùn àràmàǹdà, ìgbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, methanol ni, májèlé tó wà nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Methanol ò ṣeé fi ẹnu mọ̀, kò ṣeé fi ojú mọ̀. Àwọn àgbà kan ṣì máa ń ṣáná sí ọtí wò, wọ́n á ní tó bá ti jó ó dáa nìyẹn. Irọ́ ni! Methanol náà ń jó. Ó sì lè tó ọjọ́ kejì kó tó fara hàn, ẹni tí ojú ẹ̀ bá ń ṣú lẹ́yìn ọtí, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, ọsibítù ló ń lọ kíá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ti inú ìgò náà, ẹ wo ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC.

Ká padà sórí ìtàn. Ẹni tó bá ṣe Kegites, ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní yunifásítì mọ ohun tí mò ń sọ, yálà n'Ífẹ̀ ni tàbí lÁdó níbí láyé tó ṣì ń jẹ́ Ondo State University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 nígbà tí kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì, torí 1996 ni wọ́n tó dá tiwa sílẹ̀. Igbá lọ́rùn, ìlù, orin, gyration, ìyẹn òde ẹmu wọn, títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Iye tá a mu la máa ń rántí. Ohun tá a gbàgbé ni pé bá a ṣe ń mu là ń jó, odidi òru la fi mu ohun táwọn kan ń mu ní wákàtí kan báyìí lórí àga rọ̀gbọ̀kú, tó bá sì di ọjọ́ kejì a lè sùn dọ̀sán, kò sọ́mọ tá a fẹ́ gbé lọ síléèwé. Omi ara sì máa ń dín kù béèyàn ṣe ń dàgbà, nítorí náà ife kan náà tó wọlé nígbà yẹn tó sì fara balẹ̀, á le nínú ẹ̀jẹ̀ ju tàtijọ́ lọ. "Mo lè mu ju ìwọ lọ" yẹn, ẹ jẹ́ kó parí síbi ìtàn.

Oògùn ńkọ́? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, oògùn oorun, Flagyl, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kẹ́ ẹ tó fi jíìnì lé e.

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó mu. Mi ò mọ bí ọmọ Èkìtì ṣe ń jókòó ti jíìnì láìtíì jẹ iyán, àmọ́ mo ń rí wọn, wọ́n á ní pẹpẹsúùpù tó, ẹran mẹ́ta àti omi ata lásán. Ẹ má fi energy drink lù ú o, kò dín ọtí kù, ojú yín ló ń là tí ẹ ò fi ní mọ̀ pé ó ti ń pa yín. Kọfí, omi tútù lórí, orógbó, ìkankan nínú wọn ò lè lé ọtí kúrò lára, àsìkò nìkan ló ń lé e. Tẹ́nìkan bá wá dìde tó ní "ẹ jẹ́ a re ulé", kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbà, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ló ń gbà pẹ̀lú gbogbo kọ́nà àti òkè ibẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló ń bí mi nínú jù. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan á ti ṣíwọ́ ọtí, bóyá dókítà ló sọ fún un, bóyá ìjọ ni, bóyá ó kàn sú u. Wọ́n á ní "ìwọ kọ́ lo máa ń mu gbogbo wa yó?", wọ́n á máa rọ̀ ọ́, ẹlòmíì á tiẹ̀ yọ́ jíìnì sínú ife ẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ po Chapman fún un, Fanta, Sprite, kùkúńbà, áìsì tó pọ̀, kó fi bá yín jókòó. Bitters tí wọ́n ń kán sí Chapman yẹn náà sì ní ọtí nínú, Angostura, ọ̀kan nínú wọn, jẹ́ 44.7%, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kán an, ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó ṣí i.