Bí Dátà Kò Bá Hàn Lójú Ewé Yín, Ẹ Má Tíì Nawó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ F12 nínú browser (ohun tí ẹ fi ń wo wẹ́bùsáìtì, bíi Chrome), kí ẹ ka ohun tó pupa nínú console, ibi tó ń kọ àṣìṣe sí, kí ẹ tó mú káàdì báńkì jáde. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́bùsáìtì ní Òṣogbo níbí ń dá mi lágara. JSON wọn, fáìlì tí wọ́n kọ dátà sí, hàn lórí kọ̀ǹpútà, kò hàn lórí fóònù oníbàárà, wọ́n á sì ti sanwó hosting tuntun (ibi tí wẹ́bùsáìtì ń gbé) kí wọ́n tó wá béèrè.

1. Ẹ má ṣe tẹ fáìlì HTML lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ máa retí pé fetch, àṣẹ inú kóòdù tó ń lọ mú dátà wá, á ṣiṣẹ́. Bí àdírẹ́sì bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú file://, Chrome kò ní jẹ́ kó ka JSON tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Firefox gbà á tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti dáwọ́ ìyẹn dúró láti ẹ̀dà 68, ní 2019. Ẹ ṣí terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) nínú fódà náà, ẹ kọ python3 -m http.server, tó máa sọ fódà náà di wẹ́bùsáìtì lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì lọ sí localhost:8000 nínú browser. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

2. Kọ́mà lẹ́yìn ohun tó kẹ́yìn nínú JSON: kò sí browser tó ń gbà á.

3. Déètì. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ìyá aládìrẹ kan fẹ́ kí ọjọ́ tí òun máa pàtẹ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun máa hàn fún oníbàárà. Lórí Android, gbogbo rẹ̀ dára. Lórí iPhone màmá fúnra wọn, tó ti gbó díẹ̀, "Invalid Date" ló ń gbé jáde. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣe é fi Chrome sórí iPhone náà. Ibi pẹlẹbẹ ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ó ra plugin kàlẹ́ńdà (àfikún tí wọ́n ń so mọ́ wẹ́bùsáìtì), plugin náà ń ka déètì kan náà. Ó ti ń dúnàádúrà iPhone àlòkù tó máa fi dán an wò kí ó tó wá bá mi.

Mo ní kó ṣí JSON náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "2025-08-03 10:00:00". Àlàfo àárín ọjọ́ àti aago ló fa gbogbo wàhálà. Chrome máa ń gbójú fo irú rẹ̀, Safari àtijọ́, browser tó ń bá iPhone wá, kì í gbà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "2025-08-03T10:00:00+01:00", +01:00 yẹn ni aago Nàìjíríà. Chrome tí ẹ ń rí lórí iPhone lọ́dọ̀ wa níbí, WebKit, ẹ̀rọ inú Safari, ló ń gbé e rìn, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. "2025-8-3" náà lè kọṣẹ́, ẹ fi òdo sí i. Bí ẹ bá sì kọ "2025-08-03" láìfi aago sí i, aago UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé) ni browser máa kà á sí, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà á sì rí ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ dípò ọjọ́ kẹta. Ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní pàdánù ọjà?

Fetch kì í ka 404 (ìdáhùn pé ohun tí ẹ béèrè kò sí níbẹ̀) sí àṣìṣe, ẹ máa yẹ response.ok wò, òun ló ń sọ bóyá ìdáhùn náà dára.

Bí ẹ bá fi lookbehind (àmì tó ń wo ohun tó ṣáájú) sínú regex, ìyẹn àwòṣe tí a fi ń wá ọ̀rọ̀, Safari tí kò tíì dé 16.4 máa kọ gbogbo script (fáìlì kóòdù) yẹn pátápátá ni, kì í ṣe ìlà yẹn nìkan.

Ẹ má sì jẹ́ kí àmì ohùn dà yín láàmú. Ẹ fi fáìlì pamọ́ ní UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé tó gba àmì wa. "Òṣogbo" tí oníbàárà tẹ̀ lè jọ èyí tó wà nínú JSON yín lójú, kó má bára mu: ọ̀kan fi àmì mọ́ lẹ́tà, èkejì kọ àmì náà lọ́tọ̀. Ẹ fi normalize("NFC"), tó ń sọ wọ́n di irú kan náà, sí méjèèjì kí ẹ tó fi wọ́n wéra.