Bàálù oníwáyà mi ń ta sókè sódò lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì: ohun tó bá mi tán an

Bàálù ìṣeré kékeré ni, wáyà méjì ni mo fi ń darí rẹ̀ láti ọwọ́ mi bó ṣe ń fò yí mi ká. Ẹ́ńjìnnì .35 gidi (nọ́ńbà yẹn ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì) ló wà nímú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi irú rẹ̀ tó fúyẹ́ sí i. Agbára wọn kò jìnnà síra, àmọ́ nígbà tá a dé pápá ní Gwagwalada, wàhálà dé. Bí mo bá rọra yí ọwọ́ báyìí, bàálù á ta sókè, á tún já wálẹ̀, wáyà á sì dẹ̀.

Mo pààrọ̀ propeller, pàbó. Mo sún wáyà méjèèjì mọ́ra níbi tí mo ti dì í mú. Ó dín kù díẹ̀, kò tán.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Kubwa ló ní kí n da epo inú táǹkì nù, kí n fi ìka méjì gbé bàálù náà lábẹ́ apá. Ìrù ló tẹ̀ sílẹ̀: imú ti fúyẹ́ jù! Mo ra òjé tí wọ́n fi ń ṣe báláǹsì táyà, mo dè é mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, níwájú pátápátá, torí bó bá ṣe jìnnà síwájú tó ni díẹ̀ ṣe máa tó. Mo ń fi kún un títí ó fi dọ́gba níbi tí àwòrán bàálù náà sàmì sí. Bó ṣe fò jẹ́jẹ́ nìyẹn.

Bí imú tiyín bá gùn, ẹ lè má nílò òjé. Bó bá kúrú, èmi ò ní yọ ẹ́ńjìnnì tó wúwo. Kí lèrè fífúyẹ́ tá a bá tún ń gbé òjé lé e?