Ẹ Má Fọwọ́ Ara Yín Ba Ẹyin Yín Jẹ́: Àṣìṣe Táwọn Tó Ń Lo Ínkúbétọ̀ Nílé Máa Ń Ṣe

Ọ̀pọ̀ ẹyin tí kì í pa nínú ínkúbétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú ẹyin gbóná títí tó fi máa pa, kì í ṣe pé ẹyin yẹn ò dáa o, ọwọ́ ẹni tó kó o síbẹ̀ ló ti pọ̀ jù lára ẹ̀. Wọ́n á ṣí i wò, wọ́n á yí iná sókè, wọ́n á tún yí i sílẹ̀, nígbà tó wá ku díẹ̀ kó pa, wọ́n á ní àwọn fẹ́ bá a fọ́ èèpo. Ọjọ́ 21 péré ni ẹyin adìyẹ fi ń pa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ti ẹyin náà fúnra ẹ̀. Tí ò bá sí àkùkọ láàárín àwọn adìyẹ tó yé e, kò lè pa láéláé, bó ti wù kẹ́ ẹ mú un gbóná tó. Ẹ má sì fọ ẹyin tẹ́ ẹ fẹ́ kó sínú ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni kó mọ́ tónítóní, àmọ́ nǹkan fẹ́lẹ́ kan wà lára èèpo ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ wọlé, omi máa fọ ìyẹn dànù. Èyí tó bá dọ̀tí jù tàbí tó ti sán, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú fíríìjì, ibi tó tutù níwọ̀nba ló fẹ́, bíi dígírì 13 sí 18, kí ibi tó ṣóńṣó kọjú sísàlẹ̀, kó má sì ju ọjọ́ 7 lọ kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ti ooru ló le jù. Tí ínkúbétọ̀ yín bá ní fáànù, 37.5 dígírì ni kẹ́ ẹ fi sí. Èyí tí ò bá ní fáànù, ooru inú ẹ̀ kì í dọ́gba, òkè máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, torí náà ẹ gbé tẹmómítà sí ibi tí orí ẹyin dé, kó wà ní nǹkan bíi 38.5 níbẹ̀. Ẹ má kàn gba nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde gbọ́ o. Ẹ wá tẹmómítà míì, ẹ kì í bọ inú omi tí áìsì pọ̀ nínú ẹ̀, tí ò bá sún mọ́ 0 dáadáa, irọ́ ló ń pa. Ẹ tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan kí ẹyin tó wọ ibẹ̀. Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣì í ṣe gan-an nìyí, tí wọ́n bá ti kó ẹyin sí i, ooru á wálẹ̀ torí pé ara ẹyin tutù, ojú wọn á já, wọ́n á yí iná sókè, nígbà tí ẹyin bá wá gbóná tán ooru á kọjá ààlà, ó parí nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀, ó máa padà sókè fúnra ẹ̀. Ooru tó pọ̀ jù tètè ń pa ọmọ inú ẹyin ju òtútù fúngbà díẹ̀ lọ, torí ẹ̀ náà, tíná bá lọ, ẹ má ṣí i, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, tíná bá ti dé kẹ́ ẹ ká a kúrò.

Ẹyin gbọ́dọ̀ máa yí, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ inú ẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ èèpo. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ X sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, O sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ ti yí. Tó bá ti di ọjọ́ 18, ẹ má yí i mọ́.

Omi tẹ́ ẹ ń bù sínú ẹ̀rọ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè ní ọ̀rinrin náà ńkọ́? Àwọn kan rò pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ló dáa tó. Rárá o. Ẹyin gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀ kí àyè afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí ẹ̀, níbi tí kò ṣóńṣó, lè fẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ adìyẹ ti máa kọ́kọ́ mí. Ọ̀rinrin 45 sí 55% tó títí di ọjọ́ 18, ẹ wá gbé e sí 65 sí 70% lẹ́yìn náà. Ẹ má sì dí ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà nítorí pé ẹ fẹ́ pa ọ̀rinrin mọ́, ọmọ inú ẹyin ń mí.

Ní ọjọ́ 7, ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin. Èyí tó ń dàgbà, ẹ máa rí iṣan ẹ̀jẹ̀ pupa tó nà káàkiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, pẹ̀lú nǹkan dúdú kékeré kan láàárín tó ń mira. Tó bá mọ́ gbòò, kò sí nǹkan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òrùka ẹ̀jẹ̀, ó ti kú. Èyí tí kò bá dá yín lójú, pàápàá tí èèpo ẹ̀ bá dúdú, ẹ sàmì sí i kẹ́ ẹ tún un wò ní ọjọ́ 10, àmọ́ èyí tó bá ti ń rùn, ẹ tètè gbé e jáde kó tó bẹ́ sára àwọn tó kù.

Ọjọ́ tó máa pa gan-an ni ọwọ́ máa ń yun èèyàn jù. Ọmọ á lu ihò kékeré kan, ẹ á máa gbọ́ ohùn ẹ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́, wákàtí 12, nígbà míì 24, kò ní ṣe nǹkan kan. Kò tíì kú o! Ó ń sinmi ni, ó ń fa pupa ẹyin tó kù sínú ikùn ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú awọ tó bò ó sì ń padà sí i lára. Tẹ́ ẹ bá bó èèpo yẹn nígbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ṣíṣí tẹ́ ẹ ṣí ìdérí náà ti jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, awọ á gbẹ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lu ihò tiwọn lára, wọn ò ní lè yí mọ́. Àwọn tó ti jáde náà, ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ wọn gbẹ síbẹ̀, ebi ò ní pa wọ́n kú, pupa ẹyin tí wọ́n fà sínú yẹn tó wọn lò fún ọjọ́ méjì. Tó bá wá di ọjọ́ 21 tí àwọn kan ò tíì lu nǹkan kan, ẹ má tíì pa iná, ẹ dúró di ọjọ́ 23.